Kí Ẹ Tó Sanwó Server Tòkunbọ̀, Ẹ Bi Í Ní Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ server (kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) tòkunbọ̀ ní Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà, lè kà pé RAM 64GB ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lè má purọ́ rárá, ṣùgbọ́n ọwọ́ mélòó ni server náà ti gbà kọjá lẹ́yìn tirẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n fi iná sí i, ẹ fi flash tí Ubuntu (ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́) wà lórí rẹ̀ tan án, kí ẹ sì fi wáyà USB so fóònù yín mọ́ ọn kó lè rí data lò.

RAM ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ:

sudo dmidecode -t 17
free -h

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń ka ohun tí BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà) kọ sílẹ̀ nípa slot, ihò tí RAM ń wọ̀, kọ̀ọ̀kan. Ìkejì ń sọ èyí tí kernel, ọkàn Ubuntu, rí lò. Bí free bá kọ 62Gi fún 64GB, ẹ má jáyà, kernel àti BIOS ló mú ìyókù pamọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí ìdérí, tí ẹ fojú rí RAM nínú slot kan, tí dmidecode sì ń kọ "No Module Installed" fún slot yẹn, ó lè jẹ́ pé RAM náà kò jókòó dáadáa, tàbí kí eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ wúrà. Ó tún lè jẹ́ pé ihò processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kejì ṣófo: slot tó bá jẹ́ ti processor tí kò sí, kò ní ṣiṣẹ́ láé, bó ti wù kí ẹ nù ún tó. Ẹ pa server, ẹ yọ wáyà iná méjèèjì (power supply méjì ló sábà máa ń ní), ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nu ẹsẹ̀ RAM, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí etí slot méjèèjì á fi ró "kọ́".

Ẹ tún wo Configured Memory Speed. Bí wọ́n bá da RAM tó yára pọ̀ mọ́ èyí tó ń wọ́, ìrìn èyí tó ń wọ́ ni gbogbo wọn á máa rìn.

Ti processor kò gba àkókò. Ẹ tẹ lscpu, kí ẹ fi Socket(s) ṣe ìlọ́po Core(s) per socket, ẹ ó rí iye core, ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor. CPU(s) 32 tí Thread(s) per core rẹ̀ jẹ́ 2, core 16 ni, kì í ṣe 32.

Ó ku disk:

lsblk -d -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL
sudo apt install smartmontools
sudo smartctl --scan
sudo smartctl -a /dev/sda

Bí ó bá jẹ́ orúkọ káàdì RAID (tó ń so disk púpọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan) ni MODEL kọ, ẹ ò tíì rí disk gan-an. Ohun tí --scan bá tò jáde, bíi -d megaraid,0 pẹ̀lú orúkọ disk tó ṣáájú rẹ̀, ni kí ẹ fi rọ́pò /dev/sda nínú àṣẹ ìkẹyìn. Wákàtí 8,760 ni ọdún kan. Disk tí Power_On_Hours rẹ̀ jẹ́ 35,040 ti fi ọdún mẹ́rin gbáko ṣiṣẹ́. Bí Current_Pending_Sector (iye apá disk tó ṣòro láti kà) kò bá jẹ́ 0, ẹ má kó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni sórí rẹ̀. Disk SAS (irú disk mìíràn tí server máa ń lò) kì í kọ ìlà yẹn. "Elements in grown defect list" ni kí ẹ wá.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀:

S=$(sudo dmidecode -s system-serial-number)
sudo dmidecode -t 1,4,17 | tee "$S-oja.txt"

Ẹ má gbàgbé àmì "" yẹn, torí serial (nọ́ńbà ìdánimọ̀) àwọn bọ́ọ̀dù kan kì í ju "To Be Filled By O.E.M." lọ, àlàfo inú rẹ̀ á sì da àṣẹ rú. Inú RAM ni fáìlì yìí wà o! Bí ẹ bá pa server, ó ti lọ nìyẹn, nítorí náà ẹ dà á sórí flash mìíràn. Ẹ tún tan server láìso fóònù mọ́ ọn, torí data lè tún aago ṣe, kí ẹ sì tẹ date: bí ọdún tó kọ bá ti pẹ́ sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí CR2032, bátìrì kékeré tó ń gbé aago server ró, ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí server bá dé ọ́fíìsì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ tún àṣẹ dmidecode méjèèjì yẹn ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti S=, kí ẹ sọ fáìlì tuntun náà ní "$S-ofiisi.txt", kí ẹ wá fi diff, àṣẹ tó ń fi ìyàtọ̀ fáìlì méjì hàn, wé e pẹ̀lú ti ọjà tó wà lórí flash. Kòtò ojú ọ̀nà lè mi RAM kúrò ní ààyè rẹ̀. Bí diff bá fi hàn pé slot kan ti ṣófo, kí ẹ tó pe ẹni tó tà á fún yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí, kí ẹ tún RAM yẹn tẹ̀ mọ́lẹ̀.