Bí mo ṣe rí yàrá gbà nílé àwọn ọ̀dọ́ tí kò rílé gbé

Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo kúrò nílé. Ohun tó fà á gùn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, ọjọ́ mẹ́ta níbí, ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún, tèmi ti báàgì kan tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ká ní ẹnìkan pè mí ní aláìnílé nígbà yẹn, ǹ bá bá a jà. Ẹni tó ń sùn sábẹ́ afárá ni mo kà sí aláìnílé. Èmi ń sùn lórí àga gbọọrọ.

Ohun tí kò jẹ́ kí n tètè wá ìrànlọ́wọ́ nìyẹn. Lọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí mo dé, mo bẹ obìnrin tó dá mi lóhùn pé kó má bínú, pé bóyá mo kàn ń fi àsìkò rẹ̀ ṣòfò. Ó fa ìwé kan yọ. FEANTSA, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún aláìnílé jọ ní Yúróòpù, ló gbé ìlànà inú rẹ̀ jáde lọ́dún 2005. ETHOS ni wọ́n pè é, ó sì pín ọ̀rọ̀ yìí sí mẹ́rin: ẹni tí kò ní òrùlé lórí rárá, ẹni tó rí òrùlé àmọ́ tí kò ní ilé tirẹ̀, ẹni tí ibùgbé rẹ̀ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbàkígbà, àti ẹni tí ibi tó ń gbé kò yẹ ọmọ ènìyàn. Ẹni tó ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ nítorí pé kò ríbi lọ wà nínú ẹ̀kẹta. Obìnrin náà fi ìka tẹ ibẹ̀. Ó ní, "Ìwọ rèé."

Fọ́ọ̀mù tí mo máa fi béèrè yàrá ló kàn. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, àìsàn tó bá wà lára, ìwọ̀nyẹn kò pẹ́. Àfi ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè ibi tí mo sùn láti ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn. Mo kọ "ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́", wọ́n dá a padà fún mi. Ọ̀rẹ́ wo? Láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo? Mo jókòó ti fóònù mi, mo ń wá gbogbo ibi tí mo ti kọ ọ́ sí ẹnìkan pé, "Jọ̀ọ́, ṣé mo lè sùn lọ́dọ̀ yín lálẹ́ òní?" Bí mo ṣe ń rí i ni mo ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Ilé márùn-ún ló jẹ́. Alẹ́ méjì ṣófo. Ibùdókọ̀ ni mo wà lálẹ́ méjèèjì, n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìwé tó le jù ni lẹ́tà láti ọwọ́ ẹni tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pé n kò lè gbé ibẹ̀ kọjá ọjọ́ báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀ jálẹ̀. "Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo lé ọ?" Ọjọ́ mẹ́ta la fi fà á. Mo ṣàlàyé títí pé láìsí lẹ́tà yẹn, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé mo ríbi sùn. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ìlà mẹ́rin péré ni, ó ti kọ "àmọ́" lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tètè béèrè lẹ́tà yìí. Òun ló máa ń dá nǹkan dúró.

Nígbà tí wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n purọ́ nípa igbó. Mo sọ òótọ́, pé mo máa ń mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ mọ ilé tó bá mi mu àti ẹni tí wọ́n lè fi ṣe aládùúgbò mi. Lóòótọ́, àwọn ilé kan wà tó máa ní kí o kọ́kọ́ jáwọ́ ná, torí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn. Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Housing First ní New York lọ́dún 1992: fún ènìyàn nílé ná, ìyókù á tẹ̀lé e. Fínlándì sọ ọ́ di ìlànà ìjọba lọ́dún 2008. Ẹni tí kò mọ ibi tó máa sùn lálẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè jáwọ́ nínú nǹkan?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni yàrá ṣí sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé síwájú mi kì í ṣe ìwé ayálégbé gidi. Àṣẹ láti gbé yàrá ni, òṣìṣẹ́ lè wọlé yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rọrùn láti ní kí ènìyàn jáde ju ti ayálégbé lọ. Mo béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n máa fún mi bí wọ́n bá fẹ́ kí n lọ, ẹni tí mo lè mú ẹjọ́ lọ bá, àti èyí tí mo máa fi owó ara mi san nínú owó ilé. Wọ́n tún mú ìwé àwọn ẹrù inú yàrá wá pé kí n fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gíláàsì fèrèsé ti sán ní igun, mo sì ya fọ́tò rẹ̀. Àǹtí tí wọ́n yàn láti máa ràn mí lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín.

Òun ni mò ń rí fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ gba káàdì ìdánimọ̀ mi tó sọnù, tá a sì ṣí àkáǹtì báńkì, torí pé mo ti wá ní àdírẹ́sì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó bi mí ní ohun tí mo fẹ́, mo ní mo fẹ́ padà sílé ẹ̀kọ́. Ó wò mí, ó ní kí n sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo ní, "Mo fẹ́ sùn, mà." Ohun tó kọ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú ètò mi nìyẹn: ó fẹ́ sùn.

Ọ̀rẹ́ mi wá kí mi lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó fọwọ́ síwèé àlejò lẹ́nu ọ̀nà, a ṣeré títí. Àmọ́ òfin ilé ni pé àlejò gbọ́dọ̀ jáde kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbé bàtà rẹ̀ fún un. Ó wo bàtà, ó wò mí.

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ kọ lẹ́tà tèmi ni?"