Bí a ṣe ń ka èròjà ara páálí oúnjẹ tí alpha-gal bá jẹ́ èèwọ̀ ara ẹni

Alpha-gal ni ṣúgà kan tó wà lára àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú: màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn, ewúrẹ́, àgbọ̀nrín. Ènìyàn kò ní in. Bí eégbọn bá bu ènìyàn jẹ, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá alpha-gal jà. Adìyẹ, ẹyin àti ẹja kò ní in rárá.

Ìdí tí páálí fi gbọ́dọ̀ di kíkà dáadáa ni pé wákàtí 2 sí 6 lẹ́yìn oúnjẹ ni ara máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ fèsì. O lè sùn tán kí ara tó máa yún ọ, kí inú máa run ọ́, tàbí kí èémí há. Torí náà, má sọ pé o fẹ́ tọ́ oúnjẹ wò díẹ̀ ná.

Má fọkàn tán ìlà "Contains", ìyẹn ìlà tó ń dárúkọ àwọn èèwọ̀ tó wà nínú oúnjẹ. Ní Amẹ́ríkà, ohun 9 ni òfin ní kí wọ́n dárúkọ gẹ́gẹ́ bí èèwọ̀. Ní European Union, 14 ni. Wàrà wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹran màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ kò sí níbì kankan nínú wọn. Ka gbogbo èròjà títí dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Wo sọ́séèjì adìyẹ: "chicken" gàdàgbà wà níwájú, ní ẹ̀yìn páálí, adìyẹ, omi, iyọ̀, èròjà amọ́bẹ̀dùn, lẹ́yìn náà "pork casing" á wá jókòó sí ìparí. Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi dì í.

Bí o bá rí gelatin tàbí collagen (láti ara awọ àti egungun ẹran), lard (ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀), tallow tàbí suet (ọ̀rá màlúù tàbí àgùntàn), tàbí beef extract (omi ẹran màlúù), dá a padà sórí àtẹ. Èyí tó ṣòro ni glycerin, stearic acid, natural flavors àti mono- and diglycerides, tí wọ́n tún ń kọ ní E471. Ó lè jẹ́ lára ewéko ni wọ́n ti yọ ọ́, ó sì lè jẹ́ lára ẹranko. Páálí kì í sábà sọ. Kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Má bi wọ́n nípa alpha-gal, wọ́n lè má tíì gbọ́ orúkọ yẹn rí. Béèrè pé: "E471 yín, ṣé lára ewéko ni àbí lára ẹranko?"

Àmì "vegan", tó ń sọ pé kò sí nǹkan ẹranko nínú oúnjẹ, ń ranni lọ́wọ́ púpọ̀, àyàfi ní ti carrageenan, E407. Koríko òkun ni wọ́n ti ń rí i, síbẹ̀ ó ní alpha-gal, ó sì ń da àwọn kan láàmú. Wá a nínú wàrà tí wọ́n fi ewéko ṣe àti nínú ẹran tòlótòló tí wọ́n gé pẹlẹbẹ.

Wàrà kì í ṣe èèwọ̀ gbogbo ẹni tó ní àìsàn yìí; dókítà rẹ ni kí o bá sọ ọ́ kí o tó pinnu lórí whey àti casein, èròjà inú wàrà. Lactic acid kò yẹ kó dẹ́rù bà ọ́ nítorí orúkọ rẹ̀ tó jọ ti wàrà: ṣúgà ewéko tí wọ́n mú kan ni wọ́n sábà ń rí i lára rẹ̀. Oògùn oníkápúsù ńkọ́? Gelatin ni èèpo ọ̀pọ̀ wọn, bi apòògùn.

Ilé iṣẹ́ lè pààrọ̀ èròjà láìyí àwòrán páálí padà, torí náà ka tuntun nígbàkígbà tí o bá rà á. Má sì sọ páálí nù kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí ara bá yí padà ní òru, dókítà lè béèrè rẹ̀.