Timecode bára mu, àmọ́ ìlù ń pẹ́ lẹ́yìn àwòrán: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáùńdì fíìmù là ń ṣe ní sítúdíò wa l'Álágbàkà níbí l'Ákùrẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta la ní, ọ̀kan gbé àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀kan gbé orin, ẹ̀kẹta ló ń gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Tí mo bá tẹ play, timecode (nọ́ńbà àkókò tó ń sọ ibi tí fíìmù dé) á mú àwọn tó kù gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá fi máa tó ìdajì wákàtí, ìlù á ti máa pẹ́ lẹ́yìn àwòrán. Tí mo bá dá a dúró tí mo tún tẹ̀ ẹ́, á tún bára mu. Mo ti pààrọ̀ wáyà, mo ti yí frame rate (iye fíréèmù, ìyẹn ẹyọ àwòrán, ní ìṣẹ́jú àáyá kan) títí, ibì kan náà la ṣì wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mi ò rí?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ti dáhùn ẹ̀ fúnra ẹ níbi tó o ti ní ó máa ń bára mu tó o bá tún tẹ̀ ẹ́. Frame rate kọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà ní 24 tí ẹnì kejì wà ní 25 ni, o ò ní retí ìdajì wákàtí kó o tó mọ̀. Clock ni, ìyẹn aago inú ẹ̀rọ tó ń darí bó ṣe ń yára tó.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń gúnyán nílé wa, ẹni méjì lórí odó kan. Wọ́n á jọ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ tẹ́nì kan bá fi díẹ̀ yára ju ẹnì kejì, kò ní pẹ́ tí ọmọ odó á fi máa gbá ara wọn. Timecode ló ń sọ pé "ó yá, ibí la wà". Clock ló ń sọ bí ọwọ́ ṣe ń yá tó, àwọn ẹ̀rọ ẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní ọ̀kan ń ka sample (ègé ohùn kéékèèké) 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èkejì ń ka 48,002, méjì péré o, tó bá fi máa pé wákàtí kan wọ́n ti fi 7,200 jìnnà síra. Fíréèmù kan ní 25 jẹ́ 1,920, ìyẹn ni pé ó ti sún mọ́ fíréèmù mẹ́rin. Ìyá á ti gbá àyà, kí gbì ẹ̀ tó dún. Kò yẹ ká fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Lọ síbi tí wọ́n kọ Clock Source sí lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, mo fẹ́ẹ̀ẹ́ lè búra pé Internal (clock ti ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀) lo máa bá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kó wà ní Internal, òun ni aṣáájú. Ta wáyà BNC láti ibi Word Clock Out ẹ̀ (ihò tó ń fi clock ránṣẹ́) lọ sára àwọn tó kù, kó o yí wọn sí Word Clock, kí gbogbo ẹ̀ sì wà ní 48 kHz (sample 48,000 yẹn). Tí interface ẹ (àpótí tó ń gbé ohùn wọlé àti jáde) ò bá ní ihò word clock, ADAT tàbí S/PDIF, ìyẹn ihò ohùn onídíjítà, náà ń gbé clock. Tí kò bá ní ìkankan, má da ara ẹ láàmú, kó gbogbo orin náà wọnú ẹ̀rọ kan kó o parí ẹ̀ síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an sà, mo bá Internal mẹ́ta lóòótọ́! Mo ti yí i, ìlù ò pẹ́ mọ́, àmọ́ ẹ̀kẹta ń dún "tá, tá" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn: Wo ẹni tó gbẹ̀yìn lórí wáyà yẹn, ṣé terminator 75 ohm (ìdérí tí kì í jẹ́ kí clock ta padà sórí wáyà) wà lẹ́nu ẹ̀? Àwọn interface kan ní bọ́tìnnì fún un lẹ́yìn. Kó o sì rí i pé iná Lock (tó ń fi hàn pé ó ti ń tẹ̀lé clock aṣáájú) ń tàn, kò gbọdọ̀ máa ṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tẹ́ ẹ sún sórí jẹnẹrétọ̀ ló ń dún, gbé aṣáájú yẹn sórí UPS kó o tó gbé ohunkóhun míì, torí tó bá ti kú pẹ́nrẹ́n, àwọn tó ń tẹ̀lé e ti sọnù.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa pátápátá?

Ìdáhùn: Má fi etí nìkan mọ̀ ọ́n. Fi "píì" 1 kHz tó gùn tó fíréèmù kan síwájú, ìṣẹ́jú àáyá 2 ṣáájú àwòrán àkọ́kọ́, fi òmíràn sẹ́yìn, ìṣẹ́jú àáyá 2 lẹ́yìn àwòrán tó gbẹ̀yìn, lórí ẹ̀rọ méjèèjì, ti àwòrán àti ti orin. Gbà á sílẹ̀ látòkè délẹ̀ láìdá a dúró, kó o wá fa àwòrán ohùn yẹn fẹ̀ dáadáa. Bí píì ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì bá ṣe jìnnà síra náà ni ti ìparí gbọ́dọ̀ jìnnà síra. Tí ti ìparí bá fi fẹ̀ jù ú, ẹnì kan ṣì wà ní Internal.