Táyà ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Jíìpù mi ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀ ní Kuje lẹ́yìn òjò, bẹ́ẹ̀ fọ̀-wíìlì rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ń ṣiṣẹ́ pé. Mẹkáníìkì ní ká tú jíà. Mi ò gbà, torí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí. Ohun tí wọ́n máa fi di ilẹ̀ mú ni kò sí.

Mo wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT lára táyà: 2314, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é! Rọ́bà ti gan, ojú rẹ̀ ti dán. Mo ra tuntun mẹ́rin, olójú jíjìn tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀. Kò yọ̀ mọ́.

Àbúrò mi ní Kánádà ní bákan náà ni ti yìnyín: táyà ìgbà òtútù kì í gan bí ojú ọjọ́ bá wálẹ̀ ju 7°C lọ, ṣùgbọ́n táyà ìgbà ooru á le. Fọ̀-wíìlì á jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Tó bá di ká tẹ bíréèkì, ọwọ́ táyà ló kù sí.

Tó bá jẹ́ yanrìn ni, bíi ti apá Katsina, ẹ dín atẹ́gùn táyà kù díẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó wọ títì.