Kúsúkúsù Olóoru àti Ìkàn Sísun: Bí Mo Ṣe Sè É fún Ìṣínu ní Àjàṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), omi gbígbóná la máa ń dà lé kúsúkúsù lórí, a ó fi ọmọrí dé e, a ó gbà pé ó ti jinná. Èyí tí mo sè fún ìṣínu nínú agboolé wa nígbà ààwẹ̀ tó kọjá kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru omi ni mo fi sè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀yín iná ni mo sì fi sun ìkàn, tàtàṣé, àlùbọ́sà àti wàrà tí a fi jẹ ẹ́. Oúnjẹ yìí wù mí púpọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn lè sè é nílé rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Àlìkámà ni kúsúkúsù, oríṣi àlìkámà líle kan tí wọ́n ń lọ̀ láì jẹ́ kó kúnná tán, tí yóò rí bíi gaàrí. Wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á bu ìyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ yí i nínú àwo títí yóò fi di hóró wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sá a gbẹ. Àwọn ará Mòrókò, Àlùjẹ́ríà, Tùnísíà àti Mọriténíà ló mọ iṣẹ́ yìí jù. Orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pawọ́ pọ̀ tí UNESCO fi kọ ìmọ̀ àti àṣà kúsúkúsù sínú ìwé àwọn ogún àjogúnbá aráyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Èyí tó wà nínú ọ̀rá lọ́jà wa, ilé iṣẹ́ ti gbé e kọjá lórí ooru kí wọ́n tó gbẹ ẹ. Ìyẹn ni omi gbígbóná fi ń rọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá ń kánjú lè ṣe bẹ́ẹ̀: ife kúsúkúsù kan, ife omi gbígbóná kan, kó má lé. Ṣùgbọ́n hóró tí a da omi lé máa ń wúwo nínú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ra tó bá tutù. Èyí tí ooru sè máa ń wú, ó máa ń fúyẹ́, ó sì ṣì láyè láti fa omi ọbẹ̀ mu.

Ìyá wa, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi, jókòó tì mí lórí àpótí nígbà tí mo ń tú ọ̀rá náà. Wọ́n ta aṣọ dé Pàràkú ní àríwá Benin nígbà tí agbára wà. Wọ́n wo àwo náà, wọ́n ní, "Wàsàwásà àwọn Lárúbáwá nìyí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní Pàràkú àti Jugu, èlùbọ́ iṣu ni wọ́n ń fi ṣe wàsàwásà: wọ́n á wọ́n omi sí èlùbọ́ náà, wọ́n á fọwọ́ yí i di hóró, wọ́n á gbé e sórí ooru, wọ́n á fi òróró, ata àti àlùbọ́sà jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti mọ wàsàwásà sè, iṣẹ́ kúsúkúsù kò ní ṣàjèjì sí i.

Ọjà Ouando ni mo ti ra ohun tó pọ̀ jù. Ilé wa pọ̀, nítorí náà kílò kan kúsúkúsù ni mo rà, èyí tí hóró rẹ̀ mọ níwọ̀n. Èyí tó kéré jù máa ń di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ́ lórí ooru. Àlùbọ́sà tí mo rà jẹ́ ti Malanville, èyí tí wọ́n ń gbìn létí odò Ọya lókè lọ́hùn-ún. Ó pupa, ó le, omi inú rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí èyí tó dára tó o fún sísun. Tàtàṣé àti kùrùjẹ́ẹ̀tì (ewébẹ̀ tútù tó gùn bíi kùkúmbà), oko Songhaï ni mo ti rí wọn, ibi tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ àgbẹ̀ títí dòní. Ìkàn aláwọ̀ àlùkò, ọwọ́ ìyá aláta kan ni mo ti rà á. Nígbà tí mo ń ṣa àwọn ńlá ńlá, ìyá náà ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Èyí tó bá ti tóbi báyìí, kóró ló kún inú rẹ̀, yóò korò. Tẹ awọ rẹ̀ wò. Tó bá yára dìde padà, òun ni kí o mú." Mo kí wọn kú àánú, mo sì ṣe bí wọ́n ṣe wí.

Wàrà kò ṣòroó rí. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é, ewé bọmubọ́mú ni wọ́n fi ń mú un dì, àwọn kan á tún fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa. Wàrà yìí kì í yọ́ lórí iná. Ojú rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣàn dànù. Ẹni tí kò bá ní owó ẹran lè fi òun nìkan ṣe gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni mo gbé ìkòkò kaná. Ẹran ewúrẹ́, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti áyù tí mo gún, tòmátì díẹ̀, kárọ́ọ̀tì tí mo là sí méjì ní gígùn, iyọ̀ àti omi tó bò wọ́n dáadáa. Ọbẹ̀ yìí ló ń ṣiṣẹ́ méjì: òun la ó fi jẹ oúnjẹ náà, ooru rẹ̀ náà la ó sì fi sè é. N kì í tọ́ ọbẹ̀ wò nínú ààwẹ̀, nítorí náà ṣíbí ni mo fi wọn iyọ̀, mo sì ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kò tíì tó ààwẹ̀ gbà bá mi tọ́ ọ wò. Ó ní ó dùn, ó sì tún na ọwọ́ fún èkejì.

Kí ọbẹ̀ náà tó hó, mo da kúsúkúsù sínú àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀, mo bu ṣíbí òróró ẹ̀pà méjì lé e, òróró tí àwọn oníkúlíkúlí ń fún, tó ń ta sánsán. Mo fi ìka ọwọ́ méjèèjì rà á títí tí kò sí hóró kan tí òróró kò kàn. Ìgbà náà ni mo tó wọ́n bí ife omi kan sí i, díẹ̀díẹ̀, mo ń rà á, mo ń gbọ̀n ọ́n, mo sì fi í sílẹ̀ kó mu omi náà tán. Òróró ló gbọ́dọ̀ ṣáájú omi. Bí omi bá kọ́kọ́ dé, hóró á so pọ̀ kí òróró tó rí àyè wọlé.

Ajere ni mo gbé lé ìkòkò lórí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ọbẹ̀. Ibi tí ajere ti jókòó sí ẹnu ìkòkò, àyè díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ tí ooru ń gbà sá lọ. Mo po ìyẹ̀fun àlìkámà mọ́ omi títí ó fi ki, mo rẹ aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ sínú rẹ̀, mo sì fi dì í yípo. Láìpẹ́ iná gbẹ ẹ, ó le mọ́ ara ìkòkò, gbogbo ooru sì wá ń gba ojú ihò ajere nìkan. Tí ooru bá ń yọ láti àárín hóró, ẹ mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì dé e. Ẹ má fi ọmọrí dé e rárá, òógùn ọmọrí yóò kán padà sórí rẹ̀.

Mo dà á padà sínú àwo, mo fi ṣíbí igi tú u nítorí ó gbóná gan-an, mo wọ́n omi tí mo po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ sí i, bí ife kan, mo tún fi ọwọ́ rà á nígbà tó rọlẹ̀. Ó padà sórí ooru. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo dà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti wú kún àwo tó jẹ́ pé díẹ̀ ló bò nílẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Láàárín àwọn àyè ìsinmi yẹn ni mo ń sun àwọn yòókù lágbàlá. Mo ti dáná sí èédú ṣáájú, mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ọwọ́ iná fi lọ, tí eérú funfun sì bo ojú rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ iná bá ṣì ń jó, èéfín ni yóò sun nǹkan fún ọ, kì í ṣe ooru. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sókè wáyà tí mo gbé lé orí èédú náà. Bí mo bá lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún kí n tó fà á kúrò, iná náà tọ́. Bí n kò bá ka dé ẹ̀ta, mo máa ń fi igi tú èédú náà ká.

Ìkàn ló kọ́kọ́ wọlé, lódidi, láì bó o, lẹ́yìn tí mo ti fi ọ̀bẹ gún un káàkiri kó má baà bẹ́. Mo sún un sí ẹ̀gbẹ́ tí iná pọ̀ sí, mo ń yí i títí awọ rẹ̀ fi dúdú, tí inú rẹ̀ sì rọ̀ tó jẹ́ pé ó ń rẹ̀wẹ̀sì lórí wáyà fúnra rẹ̀. Tàtàṣé náà, lódidi ni. Nígbà tí awọ rẹ̀ ti jó káàkiri, mo kó o sínú abọ́, mo dé e pa. Ooru tó há mọ́ ọn nínú abọ́ ló ń ṣí awọ náà, títí tí ìka lásán fi bó o tán. Ẹ má fi omi ṣan án, adùn rẹ̀ á bá omi lọ.

Àlùbọ́sà, mo là á sí mẹ́rin ṣùgbọ́n n kò gé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, òun ló ń di ewé rẹ̀ mú kó má já bọ́ sínú iná. Ó pẹ́ lórí ẹ̀gbẹ́ wáyà níbi tí iná rọ̀, omi inú rẹ̀ ń lọ, adùn rẹ̀ ń kórajọ, ojú rẹ̀ sì pọ́n títí dé dúdú. Kùrùjẹ́ẹ̀tì ní omi púpọ̀, nítorí náà mo ti gé e nípọn bí ìka, mo fi iyọ̀ pa á lára, mo jẹ́ kó sun omi jáde, mo fi aṣọ nù ún kó tó kan iná. Ara ohun tí à ń sun ni kí ẹ fi òróró pa, kì í ṣe wáyà. Èyí tó bá kán sórí èédú yóò gbiná, èéfín rẹ̀ yóò sì mú oúnjẹ korò. Kárọ́ọ̀tì kò lè jinná lórí iná ní tútù, òde rẹ̀ á jó kí inú tó rọ̀. Inú ọbẹ̀ ni mo ti yọ àwọn tí mo là, wọ́n kàn gba ojú iná kọjá kí ilà wáyà lè hàn lára wọn. Wàrà ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ilá tí mo gún mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Mo bó ìkàn, mo fi ọ̀bẹ gé ẹran rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pẹ̀lú iyọ̀, áyù tútù díẹ̀ àti òróró ẹ̀pà. Ìyá wa ló ní kí n já efínrín sí i. Ó wọlé dáadáa débi pé n kò ní ṣe é láìsí efínrín mọ́. Àwọn náà ló gbé mọ́yò dìde: tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, òróró àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀, bí àwọn ìdílé Àgùdà ìlú yìí, àwọn tí baba ńlá wọn ti Brazil padà wá, ṣe ń ṣe é fún ẹja díndín. Kíkan mọ́yò yìí ni ohun tí àlùbọ́sà àti tàtàṣé sísun nílò, nítorí adùn wọn pọ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgàrìbá, dàbínù àti omi ni a fi ṣínu, a kírun, kí a tó jókòó ti àwo. Mo da kúsúkúsù sí àárín àwo ńlá, mo fi ọwọ́ ṣe kòtò sí i lórí, mo kó ẹran sínú kòtò náà, mo to ohun sísun yí i ká ní àwọ̀ àwọ̀, mo sì bu ọbẹ̀ lé e níwọ̀nba. Ìyókù ọbẹ̀ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí kálukú máa bu èyí tó tó o. Bàbá àgbà tí wọn kì í fẹ́ ohun tí kì í ṣe ọkà bu ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí kò wúwo níkùn, mo lè kí àṣámù lórí rẹ̀."

Mo ti ya apá kan kúsúkúsù sọ́tọ̀ kí ọbẹ̀ tó kàn án, torí èyí tí ọbẹ̀ bá ti bọ́ sí kì í dúró mọ́jú. Ní sààrì mo gbé e sórí ooru fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gé tàtàṣé àti àlùbọ́sà tó kù sí i, a fi ìkàn jẹ ẹ́. Àwọn ọmọdé kò dúró de ìyẹn. Wàrà ṣíṣàn àti ṣúgà ni wọ́n pò mọ́ tiwọn, bí àwọn tó ń ta de-guè (wàrà ṣíṣàn tí a pò mọ́ hóró) nígboro ṣe ń ṣe é, wọ́n sì fi ṣíbí lá abọ́ náà mọ́.