Bí a ṣe rí owó pọ́ǹpù ooru fún ilé àlejò kan ní Kétu

Iṣẹ́ fìríìjì àti clim, ẹ̀rọ amúlétutù, ni mò ń ṣe ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣùgbọ́n èyí tó gbà mí lákòókò jù lọ lọ́dún tó kọjá kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ìwé owó ni. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ní ilé àlejò lójú ọ̀nà Pobè pè mí. Àwọn chauffe-eau, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fi iná gbé omi kaná nínú yàrá wọn, ń jó lọ́kọ̀ọ̀kan, owó iná náà sì ń gòkè. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ra irú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n ra pọ́ǹpù ooru kan ṣoṣo tí yóò máa fún gbogbo yàrá, ilé ìdáná àti ibi ìfọṣọ ní omi gbígbóná. Wọ́n gbà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iye rẹ̀ ni wọ́n wò mí: "Àbúrò, ohun tí o sọ yé mi, ó dáa. Ta ni yóò san án?"

Ìbéèrè yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ onílé àlejò dúró. Kì í ṣe pé wọn ò gbà pé ẹ̀rọ náà dára. Owó àkọ́kọ́ ni kò sí nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Irin gbígbóná ló wà nínú omi chauffe-eau àtijọ́: bó bá jẹ iná kílówáàtì wákàtí kan (òǹkà tí wọ́n fi ń ta iná fún wa), ooru kílówáàtì wákàtí kan náà ló máa fún omi, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù ooru kì í dá ooru sílẹ̀, ó ń kó o láti ibì kan lọ síbòmíràn ni. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fìríìjì yín: ooru tó kó kúrò lára oúnjẹ ló ń jáde níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù yìí ń kó ooru rẹ̀, inú omi ló sì ń tú u sí. Iná ẹyọ kan lè kó ooru bíi ẹyọ mẹ́ta wọlé, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣe gbóná tó ni iṣẹ́ náà ṣe ń rọrùn fún un tó. Òtútù máa ń dín agbára rẹ̀ kù ní Yúróòpù. Ní ti Kétu, oòrùn ọ̀sán wa nìkan ti tó o.

Kí n tó sọ̀rọ̀ owó, mo fẹ́ mọ iye omi gbígbóná tí ilé náà ń lò. Àwọn ọmọ tó ń tọ́jú yàrá ń kọ ọ́ sínú ìwé: àlejò mélòó ló sùn, garawa mélòó ló lọ sí ìfọṣọ, mélòó ló lọ sí ilé ìdáná. A jẹ́ kó bọ́ sí àkókò ọyẹ́ pẹ̀lú, torí láàárọ̀ ọyẹ́, ta ló fẹ́ fi omi tútù wẹ̀ ní Kétu? Ó sún mọ́ 500 lítà lójúmọ́. Omi náà ń bọ̀ láti digrí 27, a fẹ́ kó dé 55, ìyẹn digrí 28 láàárín. Lítà kan ń fẹ́ 1.16 wáàtì wákàtí kó tó fi digrí kan gbóná sí i. Tí ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, tí ẹ sì fi 1,000 pín in, ẹ óò rí kílówáàtì wákàtí 16 àti díẹ̀ lójúmọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ àtijọ́. Pẹ̀lú pọ́ǹpù, kò ju 5 àtààbọ̀ lọ. Bíi 11 ló ṣẹ́ kù sápò. Kí ìṣirò lè rọrùn, ká ní 100 fáráǹkì ni kílówáàtì wákàtí kan: 33,000 fáráǹkì nìyẹn lóṣù. Iye tó wà lórí ìwé SBEE, ilé iṣẹ́ iná wa, tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò 100 yẹn.

Mo wá lọ wo bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ń ti oníṣòwò lẹ́yìn lórí irú ẹ̀rọ báyìí. Ní Gúúsù Áfíríkà, abala òfin owó orí tí wọ́n ń pè ní 12L bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Lábẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó fi ẹ̀rí hàn pé òun dín iná kù, wọ́n yọ iye kan fún un lórí kílówáàtì wákàtí kọ̀ọ̀kan kúrò nínú èrè tí yóò san owó orí lé lórí. 45 sẹ́ńtì ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó di 95 lẹ́yìn náà. Ní Faransé, òfin ọdún 2005 ló fi dandan lé àwọn tó ń ta iná àti epo láti ran oníbàárà wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè dín ìlò kù. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná ló ń dá apá kan owó ẹ̀rọ padà fún ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì.

Ti Tùnísíà ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ PROSOL, fún ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn gbé omi kaná. Ìjọba san díẹ̀ nínú owó rẹ̀, báńkì yá oníbàárà ní ìyókù, ó sì ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé iná STEG, ilé iṣẹ́ iná wọn. Ìrànlọ́wọ́ náà bọ́ síbi tó ń dun èèyàn gan-an. Adínkù owó orí dára, àmọ́ ẹni tó ti rówó ra ẹ̀rọ ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ìyẹn sì kọ́ ni ìṣòro ẹ̀gbọ́n mi.

Nílé wa níbí, ohun àkọ́kọ́ tí a dì mú ni TVA, owó orí tí ìjọba ń fi kún iye ọjà. 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni, lórí ẹrù mílíọ̀nù kan ààbọ̀, 270,000 fáráǹkì ló ń lọ síbẹ̀. Oníṣòwò kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 50 mílíọ̀nù fáráǹkì lọ, TPS, owó orí kan ṣoṣo ti àwọn oníṣòwò kékeré, ló ń san, kò lè yọ TVA ẹrù tó rà. Ṣùgbọ́n ilé àlejò ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ilé oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀, ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gba TVA lọ́wọ́ oníbàárà fún ìjọba. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ èyí tí wọ́n san lórí pọ́ǹpù kúrò nínú èyí tí wọ́n fẹ́ san. Facture normalisée ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn ìwé ọjà tó ní kóòdù ilé iṣẹ́ owó orí lára. Oníṣòwò kan ní Kútọnu dín owó fún wa, ó ní òun ò ní fún wa nírú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo ní ká fi í sílẹ̀, torí owó tó dín kò tó TVA tí a máa pàdánù.

Oníṣòwò kejì tí a bá sọ̀rọ̀ ní Kútọnu ló gbà àdéhùn tí mo gbé wá látinú ọgbọ́n àwọn ará Tùnísíà. Ìdajì owó kí ẹ̀rọ tó wọlé, ìdajì yòókù láti inú iná tó bá dínkù lóṣooṣù. Ẹ̀gbọ́n kó àjọ wọn, wọ́n sì fi owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún chauffe-eau tuntun kún un, ìdajì àkọ́kọ́ pé. Ní ti ìdajì kejì, ọkùnrin náà béèrè pé: "Báwo la ṣe máa mọ ohun tó dínkù, ká má bàa jà?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo fi ẹ̀rọ tó ń ka omi sí ẹnu páìpù tó ń wọ inú táńkì, mo fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka iná sí okùn pọ́ǹpù nìkan. Lítà tó bá wọlé ló ń sọ iná tí ẹ̀rọ àtijọ́ ì bá jẹ, òǹkà kejì ló ń sọ èyí tí pọ́ǹpù jẹ. Ẹ̀gbọ́n àti aṣojú ọkùnrin náà jọ ń kà á níparí oṣù, wọ́n jọ ń fọwọ́ sí ìwé. Bí àlejò ò bá wá, omi ò wọlé, owó oṣù náà á kéré, kò sì sẹ́ni tó máa fi ojú burúkú wo ẹnì kan.

Ibi ìfọṣọ la gbé e sí, torí afẹ́fẹ́ tútù gbígbẹ ló ń tú jáde, ó sì ń ran aṣọ lọ́wọ́ láti gbẹ lásìkò òjò. Omi tó ń kán lára rẹ̀, a fi rọ́bà kékeré dà á sínú garawa. Aago rẹ̀ ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láti agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbóná jù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó máa ń gbé omi dé digrí 60 kí kòkòrò Legionella má bàa fi táńkì ṣe ilé. Stabilisateur dandan ni, iná wa kì í dúró sójú kan.

Eruku pupa Kétu ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn abẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ooru ò ní ráyè wọlé, iná tó ń jẹ á sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé owó olówó wà lórí òǹkà yẹn, n kì í ṣe wàhálà pe ẹnikẹ́ni. Aṣojú ọkùnrin Kútọnu fúnra rẹ̀ ló ń wá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó tún ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n ti pa ilẹ̀kùn ibi ìfọṣọ dé.