Ìrù tó Yí sí Búlúù: Bí Mo Ṣe Ya Gíráàfù Agbo Ìràwọ̀ Pleiades Láti Inú Àkọsílẹ̀ Gaia

Owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ tó wọ iṣẹ́ yìí pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò le. Ìwé ìtọ́ni tí mo tẹ̀lé sọ pé kí n fi àwọ̀ BP−RP (ìyàtọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lápá búlúù àti lápá pupa) sí ìsàlẹ̀ gíráàfù, kí n fi ìmọ́lẹ̀ gidi ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó parí. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀ tó kìlọ̀ pé BP−RP kò ṣeé gbára lé fún ìràwọ̀ tó pupa tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kéré. Àwọn tó ṣètò àkọsílẹ̀ Gaia fúnra wọn ti kọ ìkìlọ̀ náà sílẹ̀ gbangba. Àwọn tó ń kọ ìtọ́ni fún ẹlòmíràn ni kì í kà á, ẹni tó bá sì tẹ̀lé wọn ni yóò san owó rẹ̀.

Pleiades ni agbo ìràwọ̀ tí ẹni tó ń ka Bíbélì ti bá pàdé nínú Jóòbù 38:31. Ojú lásán rí i láti Nàìjíríà lálẹ́ oṣù Kejìlá, bí eruku ọyẹ́ kò bá bo ojú sánmà. Gaia ni awò ìràwọ̀ tí àjọ European Space Agency fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2013, tó ṣiṣẹ́ níbi tó jìn sí ayé tó mílíọ̀nù 1.5 kìlómítà, tó sì dáwọ́ wíwo ìràwọ̀ dúró ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2025. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ kẹta, DR3, jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Ìràwọ̀ inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 1.8, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé. Ẹni tó jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ̀n lè bi í ní ìbéèrè kan náà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Jámánì ń bi í. Inú mi ń dùn sí èyí títí di òní.

Ìbéèrè mi rèé: àárín agbo ní 56.75 àti +24.12, ìyíká dígíríì 5, parallax (bí ìràwọ̀ ṣe dà bíi pé ó ń yẹ̀ díẹ̀ bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká, òun la fi ń mọ bó ṣe jìnnà tó) láti 6.5 dé 8.2 mas, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún arcsecond, parallax_over_error kó ju 10 lọ. Lẹ́yìn náà ni mo mú kìkì ìràwọ̀ tí ìrìn rẹ̀ lójú sánmà kò jìnnà ju 6 mas lọ́dún sí ti agbo fúnra rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 20 nínú pmra (ìrìn sí ìlà oòrùn) àti −45.5 nínú pmdec (ìrìn sí àríwá). Tó o bá ń lo astroquery, irinṣẹ́ Python tí a fi ń bi àkọsílẹ̀ ìràwọ̀ ní ìbéèrè, launch_job_async ni kó o pè. launch_job lásán máa ń gé èsì sí ìlà 2,000, ìbéèrè tó gbòòrò bí èyí sì lè kọjá iye yẹn. Tí èsì rẹ bá jẹ́ 2,000 géérégé, ó ti gé e nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ gidi náà kò ní wàhálà: M = G + 5 log(parallax) − 10, kí parallax wà ní mas. G ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bí Gaia ṣe rí i, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ìràwọ̀ ṣe ṣú tó. Fún àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kéré gan-an, mo lo parallax gbogbo agbo, 7.36, dípò ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àṣìwọ̀n ti ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń fọ́n gíráàfù ká. Má fi àkókò ṣòfò lórí àtúnṣe zero-point (àṣìṣe kékeré tó wà nínú parallax Gaia fúnra rẹ̀) níbí, 0.02 sí 0.04 mas nínú 7.36 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Parallax yìí fún wa ní nǹkan bí parsec 136 (parsec kan jẹ́ nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 3.26). Hipparcos, tó ṣiwájú Gaia, ti sọ pé 120 ni, àríyànjiyàn ọ̀pọ̀ ọdún ló sì bí. Kí ènìyàn fúnra rẹ̀ ṣírò 136 jáde, ohun ìwúrí ni.

Ibi tí owó mi wọlẹ̀ sí nìyí. Gíráàfù náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa: àwọn ìràwọ̀ búlúù ńláńlá bí Alcyone wà lókè lápá òsì, ìlà ìràwọ̀ yòókù sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, síbi tí aràrá pupa wà. Ṣùgbọ́n bí G ṣe kọjá nǹkan bí 18.5, ìlà náà ṣẹ́rí padà. Ìrù tó yẹ kó máa pupa sí i bá ń yí sápá òsì, sí búlúù. Kò sí ìmọ̀ nípa ìràwọ̀ kékeré tó fàyè gba irú rẹ̀. Aràrá tó tutù jù kò lè búlúù ju èyí tó gbóná jù ú lọ nínú agbo kan náà.

Ẹni tó bá rí i yóò kọ́kọ́ fura sí àwọn ìràwọ̀ àlejò tí kì í ṣe ọmọ agbo. Mo fún àlà ìrìn náà pọ̀ dé 2 mas lọ́dún, tó fi ń já àwọn ọmọ agbo gidi tó wà létí dànù, nítorí pé ìrìn tí a ń rí máa ń yí díẹ̀ láti àárín agbo lọ sí etí rẹ̀. Ìrù náà kò kúrò. Eruku òfuurufú ńkọ́? Eruku ń sọ ìràwọ̀ di pupa ni, kì í sọ ọ́ di búlúù. Àbí aràrá funfun ló fara pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Aràrá funfun kan péré ni a mọ̀ dájú nínú Pleiades, EGGR 25, ó sì dá wà nísàlẹ̀ lápá òsì gíráàfù, tòótọ́ ni. Má ṣe pa á rẹ́. Kò lè jẹ́ pé gbogbo aràrá pupa tó ṣú jù ló ní irú ẹnìkejì bẹ́ẹ̀.

Inú ọ̀nà tí wọ́n gbà ka ìmọ́lẹ̀ BP ni àrùn náà wà. Gaia máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sọ́nà méjì: BP gba láti bíi 330 dé 680 nanometer, RP gba láti 640 dé 1,050. Aràrá pupa kì í fi nǹkan púpọ̀ sínú BP. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìràwọ̀ náà bá kọjá lójú kámẹ́rà, wọ́n á yọ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn kúrò, ohun tó ṣẹ́kù á sì súnmọ́ òdo. Nígbà mìíràn á tilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo. Ètò náà wá ń ju gbogbo ìwọ̀n tí kò bá tó ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nù, kó tó wá ìpíndọ́gba èyí tó kù. Ó dà bí olónjẹ tó ń ka ọjọ́ tí ọjà tà wàràwàrà nìkan, tó wá pe ìyẹn ní iye tó ń tà lójoojúmọ́. Ìpíndọ́gba náà ga ju òtítọ́ lọ, BP dà bíi pé ó mọ́lẹ̀, BP−RP dínkù, ìràwọ̀ pupa sì wọ ẹ̀wù búlúù.

Àlà tí wọ́n fi sí i ni BP 20.3, ohun tó bá ṣú ju ìyẹn lọ, kí a fura sí i. Ìdí tó fi ń mú ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀ ni pé G la máa ń wò. Gaia ń rí ìràwọ̀ dé nǹkan bí G 21, nítorí náà 18.5 jọ ibi tó láàbò. Ṣùgbọ́n BP irú aràrá bẹ́ẹ̀ fi ohun tó lé ní 2 ṣú ju G rẹ̀ lọ, ó sì ti kọjá 20.3 láìsí ẹni tó mọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn débi tó fi ń múnú bí mi: lo G−RP. Òpó g_rp ti wà nínú gaia_source látilẹ̀. Bí mo ṣe pààrọ̀ rẹ̀, ìrù náà tọ́, ó ń lọ sápá ọ̀tún bó ṣe yẹ. Láti jẹ́rìí sí i, mo so ó mọ́ àkọsílẹ̀ 2MASS, tó wọn ìràwọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ infrared, nípasẹ̀ tábìlì tmass_psc_xsc_best_neighbour àti tmass_psc_xsc_join, mo ya G−Ks (Ks ni ìwọ̀n infrared náà). Òun náà kò ṣẹ́rí padà.

G−RP náà ní àléébù tirẹ̀. Fèrèsé tí RP fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ tó 3.5 sí 2.1 arcsecond, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ aládùúgbò lè wọ inú rẹ̀, kí ìràwọ̀ náà dà bíi pé ó pupa ju bó ṣe rí lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi phot_bp_rp_excess_factor yọ irú wọn, ṣùgbọ́n BP wà nínú ìṣírò òpó yẹn, àrùn kan náà ló sì ń bá a jà lápá ìsàlẹ̀ yìí. Ohun tí mo lò ni phot_rp_n_blended_transits pín sí phot_rp_n_obs, ìyẹn iye ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ aládùúgbò dà pọ̀ mọ́ RP nínú gbogbo ìgbà tí a wọ̀n ọ́n. Mo yọ èyí tó bá ju 0.5 lọ.

Àwọn kan á sọ pé kó o kàn fi àlà phot_bp_mean_flux_over_error > 10 gé ìrù náà kúrò. Gíráàfù á dára lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ tó kéré jù nínú agbo, tí iṣẹ́ yìí torí wọn bẹ̀rẹ̀, lo gé sọnù yẹn. Bákan náà ni mi ò ní fi òṣùwọ̀n bí ìrìn ìràwọ̀ ṣe bá ti ìràwọ̀ kan ṣoṣo mu tó, RUWE < 1.4 sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó ń lé ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ oníbejì jáde, bẹ́ẹ̀ ìlà àwọn ìbejì tó fi 0.75 ga ju ìlà gidi lọ wà lára ohun tó dùn ún wò jù nínú Pleiades.

Nígbà tó o bá ń kọ ìbéèrè tìrẹ, béèrè g_rp, phot_bp_mean_mag, phot_bp_n_obs, phot_rp_n_obs àti phot_rp_n_blended_transits lẹ́ẹ̀kan náà, kó o má bàa tún dátà rà nítorí wọn. Àkọsílẹ̀ Gaia kẹrin, DR4, tí wọ́n ṣètò fún oṣù Kejìlá ọdún 2026, ni yóò gbé ìwọ̀n ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìràwọ̀ kọjá jáde. Títí di ìgbà náà, G−RP ni mò ń lò fún gbogbo aràrá pupa tí BP rẹ̀ bá ti kọjá 20.3.